Omi Àdúrà Lẹ́nu Ìléru

Òórùn èédú ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún yẹn: èédú, amọ̀ tútù, àti òjò Dublin tí kì í rọ̀ tán, tí kì í sì í dá. Inú ọgbà iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni, níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ òkúta títí yóò fi di irin. Ẹ má rò pé ìléru alágbẹ̀dẹ abúlé ni mò ń sọ o. Èyí ga tó ọkùnrin méjì tí ọ̀kan gun èjìká èkejì. A fi páànù irin nípọnnípọn yí i ká lóde, a sì fi bíríkì tí iná kì í jẹ tẹ́ inú rẹ̀. Mo ti di onímọ̀-ẹ̀rọ tòótọ́ báyìí, mo ti rí iṣẹ́ tó tóbi ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó kó ìpayà bá mi bíi tirẹ̀, nítorí pé díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi pa èèyàn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Ọmọbìnrin tí gbogbo ilé fi ń yangàn ni mí, èmi náà sì gbà pé ó tọ́ kí wọ́n fi mí yangàn. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Olùkọ́ wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ìléru yìí nìkan ni àǹfààní tó kù fún mi. Bí mo bá yege nínú rẹ̀, n óò gba ìwé-ẹ̀rí. Bí n kò bá yege, ó parí. Èmi náà mọ ìyókù. Láìsí ìwé-ẹ̀rí, ìjọba kò ní fún mi láyè láti dúró wá iṣẹ́, ńṣe ni n óò di ẹrù mi padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ń bá àwọn òyìnbó kọ́ ilé iná. Ojú wo ni n óò fi wo obìnrin yẹn?

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé kí á mú àwòrán ìléru ilé-iṣẹ́ irin àtijọ́ kan lókè òkun, tí iná rẹ̀ ti kú tipẹ́, kí á kọ́ ọ ní kékeré, kí ó sì ṣiṣẹ́. Àwa méjì ni wọ́n yàn sí i, èmi àti ọmọkùnrin kan láti Ìbàdàn tí a jọ wà ní kíláàsì. Mo ranjú mọ́ àwòrán náà títí ojú fi ń ro mí, ṣùgbọ́n nígbà tó yé mi, mo kan sáárá sí ẹni tó yà á. Ẹnu òkè rẹ̀ há. Láti ibẹ̀ ó ń fẹ̀ sí i bọ̀ nísàlẹ̀, nítorí pé òkúta àti èédú máa ń wú bí iná bá ṣe ń mú wọn, bí ògiri bá sì ṣe gbọnrangandan, wọn yóò há síbẹ̀ bí òkèlè tó há èèyàn lọ́fun. Níbi ikùn ló ti fẹ̀ jù. Lábẹ́ ikùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í há, torí pé ibẹ̀ ni òkúta ti ń yọ́, ohun tó bá sì ti yọ́ kò gba àyè púpọ̀ mọ́. Ihò mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn gbà wọlé. Nísàlẹ̀ pátápátá ni irin yóò kó jọ sí, tí ìdàrọ́, ìdọ̀tí tó yọ́ kúrò lára òkúta, yóò sì léfòó lórí rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn wo àwòrán náà, ó ní, “Ọ̀gá kan báyìí tó máa ń wá ra ọtí ládùúgbò wa ni wọ́n yà yìí o. Orí kékeré, ikùn bàǹtìbanti.”

Ẹni tó kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ́ bíríkì ni bàbá onírin, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń bójú tó ọgbà iṣẹ́ náà. Nígbà èwe rẹ̀ ó ti ṣiṣẹ́ nídìí ìléru gidi. Kò fẹ́ kí n máa pe òun ní “sà”, ó ní orúkọ òun ni kí n máa pè. Ẹ̀yin ẹ gbọ́! Èèyàn tó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí! “Yẹ́ẹ̀sì sà” ni mo ń dá a lóhùn títí ó fi sú u. Ìléru náà, “yoke” ló ń pè é, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń pe ohunkóhun tí wọn kò bá fẹ́ da ara wọn láàmú wá orúkọ fún. Bí a bá tẹ́ bíríkì kan tó wọ́, kò ní bínú, yóò kàn yọ ọ́, yóò sì gbé e lé wa lọ́wọ́ padà. Ó ní kí á fi àlàfo sílẹ̀ láàárín bíríkì àti páànù, kí bíríkì lè rí ibi wú sí bí ooru bá dé. Nígbà tí a kọ́ ọ tán, ó ní a kò gbọdọ̀ tíì dá iná gidi sí i. Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi jókòó ti iná kékeré nínú rẹ̀, kí omi inú amọ̀ lè jáde díẹ̀díẹ̀. “Irin yíyọ́ kì í bá omi ṣọ̀rẹ́,” ni bàbá yẹn máa ń wí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fàlà sí i nídìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo kọ ọ́, torí ohun tí n óò sọ láìpẹ́ yóò mú kí ẹ rò pé n kò rí ilé-ìwé rí.

Iṣẹ́ ọmọ Ìbàdàn ni yanrìn. Níwájú ìléru, ó la ọ̀nà tóóró kan sínú yanrìn, láti ihò ìsàlẹ̀ tí a fi amọ̀ dí títí dé kòtò kékeré tí irin yóò ṣàn lọ dúró sí. Ọjọ́ méjì ló fi gbẹ yanrìn náà lórí iná, tó ń fi igi rò ó bí ẹni tó ń yan gààrí. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti rí iṣẹ́ tí yóò fi gbé ìyàwó. Ó ní kí n lọ tọ́jú atẹ́gùn mi.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni mo ń gbé ní Ongar, ní ìgbèríko Dublin, èmi, òun, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì ni Àǹtí, obìnrin tó mọ iye oògùn tó yẹ kí aláìsàn lò láìwo ìwé, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àdúrà ló ń kọ́kọ́ lò. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan láàárín àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe, ibẹ̀ ni Àǹtí ti gbé omi lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi kí wọ́n gbàdúrà sí i fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí irin yóò jáde, ó gbé ìgò ńlá náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ibi tí nǹkan yẹn á ti máa jáde gan-an ni kó o dà á sí. Má ṣẹ́ ẹ kù o. Dà á tán, kó o sì ṣe àmín.” Ọmọ rẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í sọ ọ́, fi òyìnbó ará Dublin bi wá pé ṣé èèyàn máa ń da omi sídìí iná ni. Àǹtí ní kó jẹun rẹ̀, àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Èmi náà bá a wí, mo ní kò mọ nǹkan kan nípa ìléru. Òun ló gbọ́n jù nínú ilé wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo wọ rélùwéè ní Hansfield pẹ̀lú ìgò náà nínú báàgì. Ní tòótọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má dà á. Mo ronú nípa rẹ̀ lójú ọ̀nà, mo ní bóyá kí n kàn mu ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọgbà iṣẹ́, mo rí olùkọ́ wa tó ti dé ṣáájú, tó mú ìwé tí yóò fi fún wa ní máàkì lọ́wọ́, mo bá yọ ìgò náà jáde nínú báàgì. Bàbá onírin àti ọmọ Ìbàdàn wà lókè àkàbà, wọ́n ń da èédú àti òkúta sí ẹnu ìléru. Kò sẹ́ni tó ń wo ìsàlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú ihò náà, mo da omi náà sí ọ̀nà irin, mo sì dà á tán bí Àǹtí ṣe wí. Yanrìn náà mu ún lójú ẹsẹ̀, ó sì dúdú. Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò rí i. Mo bá bu yanrìn gbígbẹ nínú àpò tí ọmọ Ìbàdàn kó ìyókù sí, mo fi bò ó, mo sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó dọ́gba. Mo sọ fún ara mi pé òde ìléru ni yanrìn wà, kì í ṣe inú. Mo ní kó tó di ọ̀sán, ooru á ti fà á gbẹ. Mo sì ṣe àmín.

Lọ́sàn-án, àwọn àlejò tí ilé-ẹ̀kọ́ pè wá wòran kún ọgbà, tọmọtìyá. Àǹtí gba ààyè níbi iṣẹ́, òun àti ọmọ rẹ̀ wá. Ìléru náà ń hó, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ bàtà wa. Bí mo bá yọjú wo ihò atẹ́gùn nípasẹ̀ gíláàsì dúdú, mo ń rí irin tó ń kán tó, tó ń kán tó, lọ sísàlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé omi pátápátá. Ó ń ṣiṣẹ́! Olùkọ́ wa, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn, mi orí sí mi. Ní ọkàn mi, mo ti gba ìwé-ẹ̀rí, mo ti ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sílé.

Bàbá onírin wá kó àwọn èèyàn jọ sẹ́yìn okùn tí a ta, ó ń ṣàlàyé fún wọn kí ó tó lu ihò náà. Ó na ọwọ́ sí yanrìn. Ó ní, “Ọmọkùnrin yìí fi ọjọ́ méjì gbẹ ẹ́, ẹ ò lè mọ ìdí rẹ̀. Bí omi tó kún ife kan bá fara pamọ́ síbẹ̀, tí irin yíyọ́ sì bò ó mọ́lẹ̀, omi yẹn á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní rí ibi gbà jáde, á sì fọ́n irin náà sókè sí gbogbo wa lójú. Mo ti rí i rí. N kò fẹ́ tún un rí. Ṣùgbọ́n tiwa gbẹ, it's grand, kò séwu.” Ó wá ní kí àwọn ọmọdé bọ́ síwájú kí wọ́n lè ríran dáadáa.

Ife kan! Ìgò tí mo dà síbẹ̀ gba ife mẹ́fà.

Mo fẹ́ sọ fún yín pé mo pariwo lójú ẹsẹ̀. Ì bá dára bẹ́ẹ̀. Mo dúró gbagidi ni. Mo wo yanrìn náà, ó funfun, ó gbẹ, èmi fúnra mi ni mo tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo ní bóyá omi náà ti gbẹ lóòótọ́. Mo wo olùkọ́ wa, mo rí bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá là á pé mo da omi síbẹ̀, ó parí, mo ti gbé ẹrù mi lórí. Àgbà sì ń sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà, kí ọmọdé dúró kí wọ́n sọ tiwọn tán. Mo ní kí n jẹ́ kó sọ tán. Ó sọ tán. Ó da ìbòjú bo ojú. Mo ní kí n jẹ́ kó gbé ọ̀pá irin tí yóò fi lu ihò náà. Ó gbé e. Ọmọ Ìbàdàn mú ṣọ́bìrì, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yanrìn rẹ̀ gan-an, ó sì ṣẹ́jú sí mi. Àǹtí ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ẹ̀yìn okùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tara mi kọ́ ló wà níbẹ̀, tàwọn ẹlòmíràn ni, síbẹ̀ mo dákẹ́.

Bàbá náà lu amọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Amọ̀ ń fọ́, ibi tó fọ́ ń pọ́n bọ̀. Mo gbọ́ ohùn ọmọ Àǹtí láàárín àwọn tó wà níwájú, ó ń bi ẹnì kan pé ṣé ó ti fẹ́ jáde. Ohùn kékeré yẹn ló ṣí mi lẹ́nu. Yorùbá ló sì jáde: “Ẹ dúró! Omi wà níbẹ̀! Ẹ má lù ú mọ́!”

Nínú gbogbo ọgbà, èèyàn mẹ́ta péré ló mọ ohun tí mo wí, Àǹtí, ọmọ rẹ̀, àti ọmọ Ìbàdàn. Ọmọ Ìbàdàn ju ṣọ́bìrì nù, ó fò mọ́ bàbá onírin, ó di apá rẹ̀ mú. Àǹtí fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn tagbáratagbára, ó sì ń fi òyìnbó kígbe sí àwọn ìyókù kí wọ́n sá sẹ́yìn. Mo wá rí òyìnbó tèmi náà sọ. Mo ní èmi ni mo da omi síbẹ̀, pé ìgò ńlá kan ni. Bàbá onírin ti ọwọ́ bọ abẹ́ yanrìn, nígbà tó yọ ọ́, yanrìn dúdú ló lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, “Ìgbà wo lo ti mọ̀?” Mo ní, “Ìsinsìnyí ni mo rántí, sà.”

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ìléru ti kún, irin inú rẹ̀ ń ga sí i, amọ̀ tó dí ihò ìsàlẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́. Bó bá bẹ́ fúnra rẹ̀ sórí yanrìn tútù yẹn, kò sí bí kò ṣe ní ṣe ohun tí bàbá náà wí. Ó ní kí wọ́n dín atẹ́gùn kù, ó kó gbogbo àlejò lọ sí ìdí ògiri òdìkejì, ó ní kí àwa méjèèjì náà lọ. Ọmọ Ìbàdàn ní òun ò lọ síbì kankan, yanrìn òun ni. Èmi náà mú ṣọ́bìrì. Àwa mẹ́ta la tẹ̀ba síwájú ihò tó pọ́n fòò yẹn, a ń kó yanrìn tútù dànù, ooru ń jó wa lójú, òógùn ń ro mí lójú. N kò gbójú kúrò lára amọ̀ náà. Mo ń rí ilà pupa kan lára rẹ̀ tó ń gùn sí i. Mo ní, Olúwa, má jẹ́ kó jẹ́ nítorí mi. A kó o tán, a da yanrìn gbígbẹ sí i láti inú àpò, bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ọ̀nà tuntun. Ó ní kí a sún sẹ́yìn, ó sì lu amọ̀ náà já.

Irin jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́lẹ̀ débi pé ojú ò lè tẹjú mọ́ ọn. Ó ṣàn tó gígùn apá kan ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ó fà, ó pọ́n, ó dúró. Ìléru ti tutù jù nígbà tí a ń kó yanrìn, gbogbo irin ìyókù ti dì mọ́ inú rẹ̀. Àwọn àlejò rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Ikú tó fẹ́ pani tó ṣí ni ní fìlà, ó yẹ ká dúpẹ́ ni, ṣùgbọ́n n kò lè dúpẹ́. Mo wo ìwé ọwọ́ olùkọ́ wa, ó ti pa á dé.

A dé ilé, Àǹtí bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún. Ó ní, “Èmi ni mo ní kó o dà á tán.” Mo ní, “Ẹ̀bi yín kọ́, Àǹtí. Ẹ̀yin ò mọ̀. Èmi mọ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé.” Ní ti ọmọ Ìbàdàn, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó yá ó ní, “Mi ò bínú torí yanrìn. Èmi ni mo dúró síwájú rẹ̀. O wò mí níbẹ̀.” Mo wò ó níbẹ̀ lóòótọ́.

Olùkọ́ wa fún ọmọ Ìbàdàn ní máàkì tirẹ̀. Ó pe èmi, ó ní n kò yege, ṣùgbọ́n bí mo bá lè fi oṣù mẹ́ta tú ìléru náà palẹ̀ ní bíríkì kọ̀ọ̀kan, kí n yọ irin tó dì sínú rẹ̀, kí n sì kọ ohun tó bà á jẹ́ sílẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, òun yóò tún un wò. Lójoojúmọ́ ni èmi àti bàbá onírin ń fi òòlù lu ohun tí a ti fi sùúrù tò. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ dáadáa tó. Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo pa ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ọjọ́ kan, mo gbé òòlù sílẹ̀, mo ní, “Sà, kì í ṣe ìgbà tí mo pariwo ni mo rántí. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dárúkọ omi ni. Mo dákẹ́ títí ẹ fi lù ú lẹ́ẹ̀mejì.”

Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó lu bíríkì tó wà níwájú rẹ̀ títí ó fi yọ. Ó wá ní, “Mo mọ̀. Mo rí ojú rẹ. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ. Mo rò pé iná ló ń bà ọ́ lẹ́rù, n kò sì bi ọ́. Ó yẹ kí n bi ọ́.” Ó gbé bíríkì náà lé mi lọ́wọ́, a sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Mo yege, máàkì tó kéré jù lọ tí wọ́n lè fi pe èèyàn ní ẹni tó yege ni wọ́n fún mi, ó sì tó mi. Balbriggan, ìlú kan tí kò jìnnà sí Dublin, ni mò ń gbé báyìí, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ńláńlá ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀, kí a tó tan ẹ̀rọ, èmi ni mo máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ewu ọjọ́ náà. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú òkèèrè, wọ́n ń pè mí ní “mà”, wọ́n sì ń mi orí sí gbogbo ohun tí mo bá wí. Bí mo bá sọ tán, mo máa ń bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Wọn á ní rárá. N kì í kúrò níbẹ̀. Mo máa ń dúró, mo máa ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀gá mi a máa wo aago, wọ́n ní mò ń fi àkókò ṣòfò. Wọn ò mọ̀ ni. Mo mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti inú èèyàn dé ẹnu rẹ̀, bí ojú bá ń wò ó, tí ohun tó ń fẹ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó.

Láìpẹ́ yìí, mo dúró bẹ́ẹ̀ nínú òjò. Ó pẹ́. Ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn wúkọ́, ó wolẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Nǹkan kan wà.” Mo ní kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ̀rọ.